Kọ̀ǹpáílà 64-bit: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Wálé_C: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló ti to kọ̀ǹpáílà 64-bit (irinṣẹ́ tó ń sọ kóòdù di áàpù) sórí Windows rí, kí ni ojú yín rí? Tèmi rèé: kọ̀ǹpútà mi 64-bit ni, Windows orí rẹ̀ náà 64-bit ni, síbẹ̀ gbogbo .exe tí mo bá kọ́, Task Manager á kọ "(32 bit)" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn irú àtijọ́ tí kò lè lo mẹ́mórì púpọ̀. Fáìlì ńlá ni áàpù náà ń kó sínú mẹ́mórì. Bó bá ti fẹ́ kọjá 2GB báyìí, ó ti kú. MinGW àtijọ́ (kọ̀ǹpáílà gcc fún Windows) ló wà lórí ẹ̀rọ, 32-bit nìkan nìyẹn sì mọ̀ ọ́n kọ́. MinGW-w64, èyí tó ń kọ́ 64-bit, ló gbà mí.

ỌmọGbágùúrá: MSYS2 ni kí ẹ fi gbé e wọlé. Ọ̀rọ̀ tán.

Ìyá_Kóòdù: Ẹ̀yin ń jayé o. Ẹ ò bá Visual C++ 2010 Express, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ ti Microsoft. Kò sí kọ̀ǹpáílà 64-bit nínú rẹ̀ rárá! Àfi kí o lọ wá Windows SDK 7.1 tó ní in nínú, kí o fi sórí ẹ̀rọ, kí o tó wá yí Platform Toolset (ibi tí a ti ń yan kọ̀ǹpáílà) sí Windows7.1SDK. Yaba ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, módẹ́ẹ̀mù kan ṣoṣo ni gbogbo wa jọ ń lò. Mo sùn síbi iṣẹ́ torí dátà òru ló dínwó. Ó kù díẹ̀ kí ó wọlé tán, wọ́n mú iná lọ, kò sì sí epo nínú jẹnẹrétọ̀. A tún un ṣe, ó wọlé, mo tẹ Build, linker (ohun tó ń so àwọn ẹ̀yà áàpù pọ̀) figbe ta: LNK1112, module machine type 'x86' conflicts with target machine type 'x64'. x86 ni 32-bit, x64 ni 64-bit. Láíbúrárì kan (kóòdù tí a ti kọ́ tẹ́lẹ̀) tí oníbàárà kó fún wa, 32-bit ni wọ́n fi kọ́ ọ, ẹni tó kọ ọ́ sì ti kúrò níbi iṣẹ́ wọn. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí kóòdù rẹ̀ wà. Inú ṣì ń bí mi.

Bàbá_Tẹ́mínà: LNK1112! Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹnikẹ́ni tó bá kó .lib (fáìlì láíbúrárì) fún mi, àṣẹ dumpbin /headers ti Visual Studio ni mo kọ́kọ́ máa ń fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìlà machine bá kọ 8664, x64 nìyẹn. Bó bá kọ 14C, mo dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Tọ́lá_Peckham: Ó lè má jẹ́ láíbúrárì o. Developer Command Prompt lásán ti Visual Studio, x86 ló máa ń gbé kalẹ̀. "x64 Native Tools Command Prompt" ni kí ẹ ṣí. Ẹ tẹ cl (orúkọ kọ̀ǹpáílà Microsoft) nìkan, kí ẹ wo ìparí ìlà àkọ́kọ́: "for x64" ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Wálé_C: Àǹtí Tọ́lá, ẹ ṣé gan-an. Lórí Visual Studio tèmi, "for x86" ló wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Línúksì_Ni_Mo_Gbà: Ẹ wá sí Linux kí ẹ sinmi. Ẹ fi gcc kọ́ ọ, ẹ fi àṣẹ file yẹ̀ ẹ́ wò, á ní "ELF 64-bit" (ELF ni irú fáìlì áàpù Linux). Kí ni ìjà?

Ìyá_Kóòdù: Windows ni àwọn oníbàárà mi ń lò. Ṣé ìwọ lo máa lọ yí tiwọn padà?

Línúksì_Ni_Mo_Gbà: Ẹ má bínú, mà. Ẹ lè jókòó sórí Ubuntu kí ẹ kọ́ .exe fún wọn. apt install mingw-w64, lẹ́yìn náà x86_64-w64-mingw32-gcc. Bí mo ṣe ń jẹun nìyẹn.

Kẹ́hìndé_Ilé_Ifẹ̀: Kọ̀ǹpáílà tiẹ̀ kéré nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kóòdù tí a jogún níbi iṣẹ́ wa ń fi pointer (àdírẹ́sì ibi kan nínú mẹ́mórì) pamọ́ sínú long (irú nọ́ḿbà kan nínú C). Lórí Linux 64-bit, báìtì 8 ni long, gbogbo nǹkan ń lọ geere. A gbé e dé Windows 64-bit: pointer 8, long 4. Ìdajì àdírẹ́sì já bọ́. Kò sì ní wó lójú ẹsẹ̀ o! Tí àdírẹ́sì bá ṣì wà nísàlẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́; ọjọ́ tí mẹ́mórì bá kún ló máa ń wó, lọ́wọ́ oníbàárà. uintptr_t, irú nọ́ḿbà tó gba pointer dáadáa, la fi pààrọ̀ gbogbo rẹ̀.

ỌmọGbágùúrá: Mi ò gbà. Ẹ̀rọ 64-bit, long 4? Kò bójú mu.

Bàbá_Tẹ́mínà: Tẹ sizeof(long) wò kí o tó jiyàn. Ìlànà C kàn ní kó má dín ní bit 32 ni. Microsoft fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí kóòdù àtijọ́ má bàa bàjẹ́.

ỌmọGbágùúrá: 4 ló gbé jáde. Háà.

Akẹ́kọ̀ọ́_200L: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, Turbo C++ (kọ̀ǹpáílà ayé DOS) ni wọ́n ní ká lò ní kíláàsì, laptop mi kọ̀ ọ́.

Kẹ́hìndé_Ilé_Ifẹ̀: Á kọ̀ ọ́ mọ̀nà! Áàpù 16-bit ni, Windows 64-bit kì í ṣí irú ẹ̀. DOSBox, áàpù tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà DOS, ló lè gbé e. Ṣé wọ́n ṣì ń kọ́ yín ní conio.h ayé DOS ni?

Olùkọ́_Ni_Mí: Ẹ rọra fún àwa olùkọ́. Ẹ wá wo lab wa: kọ̀ǹpútà àlòkù, íntánẹ́ẹ̀tì kò sí. Flash kékeré la fi ń gbé Turbo C++ káàkiri, kò sì bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa.

Tọ́lá_Peckham: Olùkọ́ wa, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n w64devkit (àkójọ gcc fún Windows) náà ń gbé inú flash. Ẹ tú u, ẹ tẹ w64devkit.exe, gcc ti wà níbẹ̀, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó ń kọ́ 32-bit náà wà, bí ẹ̀rọ lab bá ti gbó. Àwọn ọmọ wọ̀nyí yẹ lẹ́ni tó ń kọ́ C òde òní.

Olùkọ́_Ni_Mí: Màá gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Akẹ́kọ̀ọ́_200L: w64devkit ṣiṣẹ́! Ṣùgbọ́n géèmù tí mo fi SDL2 (láíbúrárì géèmù) kọ gbé àṣìṣe 0xc000007b jáde.

Bàbá_Tẹ́mínà: SDL2.dll ẹ̀gbẹ́ .exe rẹ, 32-bit ni. Padà sínú zip SDL tó o gbà wálẹ̀, èyí tó jẹ́ ti mingw: fódà ti 32-bit àti ti 64-bit ló wà níbẹ̀. Mú ti inú x86_64-w64-mingw32/bin, fi í rọ́pò.