"So" ló yẹ mount lórí Linux, kì í ṣe "gùn"

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe mount, àṣẹ Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) tó ń jẹ́ kí a rí inú fúláàṣì, ní "gùn", bí ìgbà tí èèyàn gun ẹṣin. Mi ò fara mọ́ ọn. Fúláàṣì kì í gun nǹkan kan. Ohun tí Linux ń ṣe ni pé ó so àwọn fáìlì inú fúláàṣì mọ́ fódà kan, ibẹ̀ la sì ń gbà wọlé sí wọn. Nítorí náà, "so mọ́" ni mount, "tú" ni umount, "èèkàn" sì ni fódà tí a so ó mọ́. Bí fáìlì bá ti wà nínú fódà yẹn tẹ́lẹ̀, a ò ní rí wọn mọ́ títí a ó fi tú fúláàṣì. Wọn ò sọ nù. Ẹran kúrò, èèkàn ṣì wà níbẹ̀.

Ẹnì kan ní "so" yóò dàrú mọ́ "so pọ̀" tí a ń lò fún íntánẹ́ẹ̀tì. "Mọ́" ló ya méjèèjì sọ́tọ̀, ẹ má ṣe yọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ má sì fi "so" pe "kì bọ". Bí a bá ki fúláàṣì bọ ojú USB, lsblk, àṣẹ tó ń to àwọn dísìkì lẹ́sẹẹsẹ, lè fi sdb1 (orúkọ tí Linux fún fúláàṣì náà) hàn kí abẹ́ MOUNTPOINTS, níbi tí orúkọ èèkàn máa ń wà, ṣófo: a ti kì í bọ̀ ọ́, a ò tíì so ó.

Ní ti "òǹlò lásán", tí àwọn kan fi ń pe ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà láìní àṣẹ alábòójútó, "lásán" ń bu èèyàn kù. "Òǹlò" nìkan tó. Root, ìyẹn alábòójútó tó ní gbogbo àṣẹ, ni kí a fún ní orúkọ ọ̀tọ̀. Òǹlò náà lè so fúláàṣì fúnra rẹ̀ bí ìlà yìí bá wà nínú /etc/fstab, fáìlì tí a ń kọ ohun tí a fẹ́ so sí:

UUID=1A2B-3C4D /mnt/fulaasi vfat noauto,user 0 0

Kí ó fi UUID, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ fúláàṣì rẹ̀, tí lsblk -f fi hàn rọ́pò tèmi, kí fódà náà ti wà, kó wá tẹ mount /mnt/fulaasi, láìsí sudo, àṣẹ tó ń yáni ní agbára root. Lẹ́tà s kan ṣoṣo ló yí ẹni tó lè tú u padà: pẹ̀lú user, àfi ẹni tó so ó, tàbí root, pẹ̀lú users, òǹlò yòówù. Méjèèjì ló ń mú noexec dání, nítorí náà ètò inú fúláàṣì kò ní ṣiṣẹ́ àfi bí a bá kọ exec lẹ́yìn wọn.

Ibi tí sudo ti ń dá wàhálà sílẹ̀ nìyí: vfat, ìlànà tí a fi ń to fáìlì sínú ọ̀pọ̀ fúláàṣì, kì í tọ́jú orúkọ ẹni tó ni fáìlì, ẹni tó so ó ló ń di olówó wọn. Bí root bá so ó, òǹlò á kà á ṣùgbọ́n kò ní lè kọ nǹkan sí i, chown, àṣẹ tó ń pààrọ̀ olówó fáìlì, kò sì ní ràn án lọ́wọ́. uid=1000 nígbà síso ni oògùn rẹ̀, bí 1000 bá jẹ́ nọ́ńbà òǹlò yẹn.

Àṣẹ mìíràn tó ń so fúláàṣì, udisksctl mount -b /dev/sdb1, kò nílò fstab rárá; òun fúnra rẹ̀ ló ń kan èèkàn, lábẹ́ /media tàbí /run/media.

Bí umount bá ní "target is busy", ètò kan ṣì wà nínú fódà náà, ó sì lè jẹ́ tẹ́míná tiwa gan-an. fuser -vm /mnt/fulaasi á fi ètò náà hàn. Ẹ fi cd jáde kúrò nínú fódà náà, ẹ tú u, kí umount parí, kí a tó "yọ" ọ́, torí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lè ṣì wà nínú mẹ́mọ́rì.