"Two foots": tíṣà kọ̀wé sílé, mi ò rí oorun sùn

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Tíṣà kọ lẹ́tà lánàá pé àwọn ìbejì ò tíì mọ ẹyọ kan yàtọ̀ sí púpọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n o, Year 1. Táyé ń sọ "two foots", Kẹ́hìndé ń sọ "three book", kì í fi s sí i rárá. Bàbá wọn ní Yorùbá tá à ń sọ nílé ló fà á, pé ká dá a dúró lọ́sẹ̀ yìí. Kí ni kí n ṣe?

Àǹtí Peckham: Ẹ MÁ DÁ A DÚRÓ. Tíṣà kan sọ ọ́ fún mi nígbà àkọ́bí mi, mo gbà á gbọ́, mo pa Yorùbá tì fọ́dún mẹ́sàn-án. Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ dáa lóòótọ́. Ìgbà tí màmá mi ń lọ n'Íjẹ̀bú-Òde, wọ́n gbé fóònù sí wọn létí, wọ́n ń ki ọmọ yẹn ní oríkì ẹ̀, kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, "hello grandma" ló ń sọ ṣáá. Ohùn màmá mi ò tíì kúrò létí mi.

Ọmọ Ìbàdàn, Toronto: Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Ṣùgbọ́n èmi náà dá a dúró fọ́dún kan, mo tún bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi ń sọ ọ́ dáadáa báyìí.

Àǹtí Peckham: Ọdún kan lẹ̀yin, mẹ́sàn-án lèmi. Wọn ò jọra.

Bọ̀dá Houston: Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí "foots" yẹn dùn mọ́ yín. Ta ló sọ ọ́ fún un? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, òfin s ló ti mọ̀ tó wá ń lò ó níbi gbogbo, ọmọ òyìnbó náà ń sọ "foots" àti "mouses". Lọ́dún 1958 Jean Berko, obìnrin kan tó ń ṣèwádìí bí ọmọdé ṣe ń kọ́ èdè, ya nǹkan kan bí ẹyẹ, ó pè é ní "wug", orúkọ tí ò sí láyé, ó wá ya méjì, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó bi léèrè ló dáhùn pé "wugs". Kẹ́hìndé lẹ máa ràn lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Báwo, bọ̀dá mi?

Ẹ̀gbọ́n Leeds: Kíláàsì àwọn ọmọ kékeré ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìwé kan, ìwé mẹ́ta, ìwé ò yí padà nínú Yorùbá, torí náà lójú Kẹ́hìndé "three" ti ṣiṣẹ́ yẹn tán. Ọ̀rọ̀ wa kì í sì í fi irú ìró s parí, ìdí nìyẹn tó fi ń bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń gbé oúnjẹ kalẹ̀, ẹ mú ṣíbí kan, ẹ ní "one spoon", ẹ fi òmíràn kún un, ẹ ní "two...", ẹ dákẹ́, kó parí ẹ̀. Ẹ fetí sí ẹnu tiyín náà o, z ni wọ́n ń pè nídìí "spoons" àti "dogs", s ni ti "cats". Ẹ má tíì kó "feet" àti "children" mọ́ ọn.

Bàbá Àdìó, Birmingham: Ẹ má sì pariwo mọ́ ọn. Èmi ń dá tèmi dúró lórí gbogbo àṣìṣe, nígbà tó yá ọmọ ò bá mi sọ̀rọ̀ gígùn mọ́, ó dùn mí wọra.

Bọ̀dá Houston: Tó bá ní "my foots are cold", ẹ ní "your feet are cold? Oya, wọ sọ́ọ̀kì." Ó ti gbọ́ ọ.

Ọmọ Ìbàdàn, Toronto: Tèmi gbọ́ "àwọn màmá ti dé, wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà", ló bá sáré lọ wo ẹ̀yìn màmá mi, ó ní àwọn tó kù ńkọ́ 😂😂

Àǹtí Peckham: 😂😂 Ẹ wá sí Peckham kẹ́ ẹ wá ka màmá, wọ́n pọ̀ ní Rye Lane ju ìlú yín lọ.

Bọ̀dá Houston: Ẹ gbàgbé Peckham, ẹ ò ní oòrùn. Houston lèèyàn ti lè gbin ewédú sẹ́yìnkùlé.

Ẹ̀gbọ́n Leeds: Ewédú tútù! Ẹ ti dá mi lágara. Ẹ̀pà sísè ni màmá àgbà fi kọ́ wa ní òǹkà ní Ìlá, tó o bá kà á tọ́, o jẹ ẹ́, òjò á máa rọ̀ sórí páànù.

Ọmọ Ìbàdàn, Toronto: Ẹ̀pà sísè tó ṣì gbóná, nínú bébà... ọdún mẹ́fà nìyí.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ẹ ṣeun gan-an. Lẹ́tà tíṣà yẹn wá ńkọ́, kí ni kí n kọ padà?

Àǹtí Peckham: Ẹ̀gbọ́n Leeds, Ìlá Ọ̀ràngún? Àdúgbò wo? Ibẹ̀ lọkọ mi ti wá!