Fíìmù Bob Marley ní gbangba n'Íjẹ̀bú-Igbó: báwo la ṣe fẹ́ túmọ̀ ẹ̀?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kúulé o. A fẹ́ fi fíìmù 2012 tí wọ́n ṣe nípa Bob Marley han aráàdúgbò lálẹ́ n'Íjẹ̀bú-Igbó, aṣọ funfun ti wà, a ti gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà kí ariwo ẹ̀ má bo orin. Àmọ́ àwọn bàbá wa tó jẹ́ pé orin Haruna Ishola tiwa níbí ni wọ́n fi dàgbà ò gbọ́ èdè Jàmáíkà rárá, mo sì fẹ́ kí wọ́n gbádùn ẹ̀ gan-an ni. A dán ògbufọ̀ wò lórí máìkì, ohùn ẹ̀ bo orin pátá. Ká máa dá a dúró ńkọ́? Ó lé ní wákàtí 2! Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe lè túmọ̀ ẹ̀ tí orin ò ní bàjẹ́? Ẹ má bínú pó gùn, mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀ o.