Etí mi ń hó, oorun ò sì wá

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo wà, ata lílọ̀ niṣẹ́ mi. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni etí òsì mi ti ń dún wìnnn, bí ìrẹ̀ tó sá pamọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Lọ́sàn-án, n kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ. Òru ni wàhálà: bí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé bá ti dákẹ́, tí àdúgbò pa rọ́rọ́, etí á wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Mo ti rí dókítà elétí ní Adó. Kò sí ìdọ̀tí tó dí i. Ariwo ẹ̀rọ ló bà á jẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní kò sí oògùn tó ń pa á tán, kí n máa dí etí níbi iṣẹ́, kí n má sì ki àṣejù bọ aspirin, torí òun náà lè mú kí etí hó. Ìyá ọkọ mi ní kí n kán àdín sí i. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbè wọ́n lẹ́yìn, dókítà ti kọ̀ ọ́.)

Wọ́n ní ohùn kékeré létí ibùsùn máa ń ranni lọ́wọ́. Òótọ́ ni, fáànù ń ṣe é, bí iná bá wà. Mo gbìyànjú rédíò, àmọ́ ìròyìn ni mò ń gbọ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́, ọkọ mi náà ò sì rí oorun sùn.

Ẹ̀yin tí etí yín ń hó, kí lẹ máa ń lò lóru tí iná ò bá sí, tí kò ní dí ẹni tẹ́ ẹ jọ sùn lọ́wọ́?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo ti dúpẹ́ sílẹ̀ o.