Páálí kásẹ́ẹ̀tì dé láti Ìbàdàn, ẹ gbà mí o

Ọmọ Mọ́kọ́lá (Chicago):
Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá mọ̀ nípa fídíò àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Dádì wa ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá èèyàn ní fídíò ní Mọ́kọ́lá nígbà kan. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n mi kó kásẹ́ẹ̀tì tó kù sí páálí, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Ti Bàbá Sàlá wà níbẹ̀, ti Ògúǹdé wà níbẹ̀, ti Adé Love náà wà níbẹ̀. Ẹnu mi ò gbé jẹ́ẹ́, mo ti sọ fún ẹgbẹ́ wa pé a máa jọ wo Ọ̀run Móoru, fíìmù Bàbá Sàlá, ní Sátidé tó ń bọ̀. Wọ́n ti gba họ́ọ̀lù, wọ́n ti ń pín oúnjẹ tí kálukú máa sè. Mo ra ẹ̀rọ fídíò àlòkù, mo ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, àwòrán ń yí gbirigbiri, kò ní àwọ̀, ohùn ń hó. Èkejì, bákan náà. Ẹ̀kẹta ní nǹkan funfun hùhù lára, ó ti bu. Agolo pẹlẹbẹ kan sì wà nísàlẹ̀ páálí. Mo ṣí i, òórùn fínígà lù mí nímú. Fíìmù gidi ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tàn sára ògiri. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n yan àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà nínú oven. Ṣé kí n yan wọ́n?

Ìyá Dámi (Houston):
Yan kí ni? Bí o bá ti tan oven yẹn, lọ pa á báyìí kí o tó ka èyí tó kù. Èmi yan ti ìgbéyàwó mi. Mo rí òyìnbó kan lórí YouTube tó ń yan téèpù, mo ní kí ló dé tí tèmi ò fi ní ṣe é ṣe. Ike rẹ̀ wó bíi mọ́ínmọ́ín tí kò jinná, téèpù inú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra wọn. Ilé rùn títí ọkọ mi fi kó lọ sùn ní yàrá àwọn ọmọ. Ìyá mi jó nínú fídíò yẹn. Wọ́n jó dé iwájú onílù, wọ́n yí padà, wọ́n nawọ́ sí mi. Fọ́tò wọn wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ fọ́tò ò jó.

Alàgbà Agodi (Manchester):
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Dámi. Àbúrò Chicago, fara balẹ̀. Mo ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní tẹlifíṣọ̀n ní Agodi kí n tó wá síbí, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ. Kò jọ pé nǹkan kan ṣe kásẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́. Nígbà kásẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ àwòrán sórí téèpù yàtọ̀ láti ilẹ̀ sí ilẹ̀. Nàìjíríà, PAL la ń lò. Amẹ́ríkà, NTSC ni. Ohun tí o rí yẹn gan-an ni ẹ̀rọ NTSC máa ń ṣe bí wọ́n bá ki PAL bọ̀ ọ́: àwòrán á máa yí, àwọ̀ á lọ. Wá ẹ̀rọ tó ń gba oríṣiríṣi, multi-system ni kí o pè é fún ẹni tó ń tà á. Èyí tó bu yẹn, má tún kì í bọ ẹ̀rọ kankan. Ìbu náà á lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ, orí ẹ̀rọ á sì gbé e ran gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó bá tẹ̀ lé e. Dì í sínú ọ̀rá lọ́tọ̀, kí o sì wọ ìbòmú kí o tó fọwọ́ kàn án. Àwọn tó mọ́, kọ́kọ́ yí wọn lọ sí òpin, kí o yí wọn padà, kí o tó tẹ̀ wọ́n. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dúró sójú kan. Kí o sì ṣẹ́ ike kékeré ẹ̀yìn wọn kúrò, kí ọmọ ẹnì kan má baà ṣèèṣì gba fídíò bọ́ọ̀lù lé Bàbá Sàlá lórí.

Bọ̀dá Peckham:
Ẹ wá gbọ́ o! Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ará Amẹ́ríkà nìyí. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, kásẹ́ẹ̀tì tó bá ti Òṣòdì wá, a kàn máa kì í bọ̀ ẹ̀rọ ni, a ti ń wò. PAL sí PAL. Ẹ máa pè wá ní ará ìlú òtútù.

Ìyá Dámi (Houston):
Ẹ̀rọ yín ń gba PAL, ibo lẹ máa gbé e kà? Nínú yàrá tí ẹni tó bá na ẹsẹ̀ á fi ta aládùúgbò nípàá?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Toronto):
Ìyá Dámi, ẹ má bínú sí mi ma, yíyan fúnra rẹ̀ kọ́ ni àṣìṣe. Àwọn ilé ìpamọ́ ńláńlá ń yan téèpù. Oven ilé ìdáná yín ni àṣìṣe.

Ìyá Dámi (Houston):
Iná kì í ṣe iná?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Toronto):
Iná yàtọ̀ síná ma. Wọ́n ń fi ooru díẹ̀ gbẹ omi tó wọnú téèpù ni. Mo ti kà á.

Ìyá Dámi (Houston):
O ti kà á. Èmi ti yan án.

Alàgbà Agodi (Manchester):
Ẹ jẹ́ kí n là yín. Àwọn téèpù ńlá tí wọ́n ń ká mọ́ róòlù láàárín ọdún 1970 sí 1980 àti U-matic tí à ń lò ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, gọ́ọ̀mù ara wọn ló máa ń fa omi. Bí o bá tẹ̀ wọ́n, wọ́n á máa lẹ̀, wọ́n á máa ké nínú ẹ̀rọ. Irú ìwọ̀nyẹn ni wọ́n ń gbẹ, bí ìwọ̀n 54 Celsius, fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí, nínú ẹ̀rọ tí ooru rẹ̀ kì í yẹ̀. Àwọn kan ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ èso. Oven ilé, bó o bá fi í sí àádọ́ta, yóò fò kọjá ibẹ̀, á wálẹ̀, á tún fò. VHS kì í sábà ní àrùn yẹn rárá. Ìbu kò sì gbọ́ ti iná.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Toronto):
Bàbá ti dá ẹjọ́, mo jàre.

Ìyá Dámi (Houston):
O jàre níbo? Bàbá ní VHS ò ní àrùn yẹn, kí wá ni wọ́n fẹ́ yàn? Fi owó oven mi ránṣẹ́, ìyẹn la fi máa mọ̀ pé o jàre.

Ọmọ Mọ́kọ́lá (Chicago):
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ń wá ẹ̀rọ multi-system. Agolo ńkọ́? Ìyàwó mi ní kí n gbé e lọ sí gàráàjì. Ṣé kí n gbé e sínú firísà ni?

Sisí Dublin:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ gbé e jìnnà sí ohun tó kù nínú páálí yẹn. Bàbá mi bá àwọn eléré alárìnkiri ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo, agolo tiwọn wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan ló ń rùn. Mo kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sókè àjà, ìgbà tí mo padà débẹ̀ ni èyí tó kù náà ti ń rùn. Ìyẹn gan-an ò dùn mí tó èyí tí mo ṣe tẹ̀ lé e. Mo gbé wọn lọ fún ṣọ́ọ̀bù kan kí wọ́n bá mi dà wọ́n sí DVD. DVD dé, ojú àwọn òṣèré rí bàìbàì, ẹ ò lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n dá agolo mi padà kí n gbé e lọ síbòmíràn. Wọ́n ní ó ń rùn, àwọn ti dà á nù. Mo yẹ ìwé tí mo fọwọ́ sí wò, kò síbi tí mo ti sọ pé kí wọ́n dá a padà.

Alàgbà Agodi (Manchester):
Áà. Àbúrò Chicago, o gbọ́? Kí o kọ ọ́ sínú ìwé. Òórùn yẹn, ike tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà ló ń jẹra, ásíìdì ló ń jáde lára rẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń fà á, èwo nínú méjèèjì ni kò sí ní Mọ́kọ́lá? Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ kò ṣeé dá padà, òtútù nìkan ló ń mú kó falẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi projector tàn án láti fi dán an wò. Ó ti ṣeé ṣe kó ti súnkì, eyín ẹ̀rọ á sì fa etí rẹ̀ ya. Ilé iṣẹ́ tó ní scanner tí kò ní eyín ni kí o wá. Firísà dára bí wọ́n bá mọ bí wọ́n ṣe ń dì í, nítorí omi ló máa kọ́kọ́ bà á jẹ́ lọ́jọ́ tí o bá gbé e jáde. Kí ni wọ́n kọ sára agolo náà?

Ọmọ Mọ́kọ́lá (Chicago):
Ìwé ara rẹ̀ ti ya, sà. «Apá kejì» nìkan ló kù.

Alàgbà Agodi (Manchester):
Má fi ṣeré. Nígbà yẹn, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òṣèré tí owó wọn ò tó máa ń fi fíìmù 16mm reversal yà á, irú èyí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ tán, òun náà ni wọ́n máa gbé lọ tàn. Kò ní ìyá kankan, ìyẹn negative, tó wà níbì kan tí wọ́n á tún ti rí òmíràn tẹ̀. Ìlú tí wọ́n bá dé, ó fara ha níbẹ̀. Àwọn tó sì ní ìyá, òkè òkun ni wọ́n ti fọ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ta ló mọ ibi tí wọ́n kó wọn sí? Shaihu Umar, fíìmù Hausa ti ọdún 1976, ilé ìpamọ́ ní Jos ni wọ́n ti rí agolo rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti ń wá a tipẹ́. Àwọn ará Berlin bá wọn tún un ṣe, wọ́n fi hàn lọ́dún 2018. Ta ló ń wá tiwa?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Toronto):
Bàbá, mo fẹ́ sọ nǹkan kan, kí ẹnikẹ́ni má bínú. Ọ̀run Móoru jáde lọ́dún 1982. Wọ́n jí i dà sórí fídíò, ó sọ Bàbá Sàlá di onígbèsè. Ọmọ Iléṣà ni mí, a mọ̀ ọ́n lára. Kásẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ Chicago yìí, ta ló tà á fún ṣọ́ọ̀bù náà?

Ọmọ Mọ́kọ́lá (Chicago):
Ẹ̀gbọ́n, ṣé olè lẹ ń pe bàbá mi ni?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Toronto):
Rárá o, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Mo kàn ń bi yín ni.

Ìyá Dámi (Houston):
Toronto, o ò ní fi ẹnu rẹ rọra. Gbogbo wa la yá fídíò nígbà náà, mi ò rí ẹni tó béèrè rìsíìtì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí wọ́n jí gan-an la máa fi rí i wò lónìí.

Bọ̀dá Peckham:
Ọ̀rọ̀ àṣẹ nìyẹn o, Chicago. Ṣé o ti bá àwọn ẹbí sọ̀rọ̀? Àwa fi ti Adé Love hàn níbí lọ́dún kan, a rò pé ọ̀rọ̀ họ́ọ̀lù nìkan ni. Ti họ́ọ̀lù ò le ní England: bí ẹ ò bá jèrè lórí rẹ̀, tó jẹ́ họ́ọ̀lù àdúgbò, tí èèyàn ò ju 500 lọ, tí ẹ parí kí aago mọ́kànlá alẹ́ tó lù, tí ẹni tó ni họ́ọ̀lù gbà, tí ẹ sì tẹ̀ lé òfin ọjọ́ orí, ẹ ò nílò láísẹ́ǹsì káńsù. Àmọ́ ìyẹn ò kan ẹni tó ni fíìmù. A ti lẹ pósítà káàkiri kí ẹnì kan tó pè wá, a kó owó tí a ò ní in lọ́kàn sílẹ̀. Tẹ̀ wọ́n láago. Ọmọ Adé Love pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, Kunle Afolayan ò fara pamọ́.

Ọmọ Mọ́kọ́lá (Chicago):
Àmọ́ Amẹ́ríkà ni mo wà. Òfin tiwa ńkọ́? Ọ̀run Móoru sì ni, kì í ṣe ti Adé Love.

Àjàṣẹ́ (Paris):
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ẹ tún ń ráhùn PAL. Àwa ọmọ Bẹ̀nẹ̀, SECAM ni wọ́n fún wa. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní Àjàṣẹ́ ra fíìmù Yorùbá ní Èkó, ó gbé e délé, funfun àti dúdú ni gbogbo wọn. Ó gbà pé bí wọ́n ṣe yà á nìyẹn. Ìgbà tó dé Badagry lọ kí àbúrò rẹ̀ ló tó mọ̀ pé aṣọ Ògúǹdé ní àwọ̀.

Bọ̀dá Peckham:
😂😂 Paris, wá sí Peckham, a máa fi àwọ̀ hàn ọ́.

Ìyá Dámi (Houston):
Àwọ̀ wo? Àwọ̀ òjò? Houston ni kó wá, kó rí àsun tó ń ta.

Sisí Dublin:
Ẹ̀yin tí ẹ wo Ayé, fíìmù Ògúǹdé, ní sinimá, ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn èèyàn ń sá jáde? Màmá mi ní nígbà tí àwọn àjẹ́ yọjú, àwọn ò lè rìn délé.

Alàgbà Agodi (Manchester):
Mo wà níbẹ̀, ní Cultural Centre Mọ́kọ́lá. Àwọn àjẹ́ ti yọ, gbogbo èèyàn dákẹ́ lọ gbári. Ìgbà tí Ògúǹdé jáde bí Ọ̀ṣẹ́túrá, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọfọ̀, obìnrin kan lẹ́yìn mi ń bá a dá a lóhùn, «àṣẹ, àṣẹ», títí wọ́n fi ní kó dákẹ́. Kò dákẹ́.

Bọ̀dá Peckham:
Èyí tó yẹ kí ẹ rí ni Pen Cinema, Agége. Mọ́tò ẹlẹ́gbẹ́ òṣèré á ti yí àdúgbò po láàárọ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí rẹ̀, àwọn ọmọdé ń sá tẹ̀ lé e. Bíríìjì ló wà níbẹ̀ báyìí. Ọ̀pọ̀ sinimá tó kù ti di ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Toronto):
Bí ẹ ṣe ń pariwo Ògúǹdé tó, ta ló pa yín lẹ́rìn-ín? Ìjẹ̀ṣà ni.

Bọ̀dá Peckham:
Ìjẹ̀bú ló kọ́kọ́ kó ẹgbẹ́ jọ kí ẹnì kankan tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀rín. Ẹ lọ bi Òṣóṣà, ìlú Ògúǹdé.

Alàgbà Agodi (Manchester):
Ẹni tó darí Ayé náà ló darí Ọ̀run Móoru, òun ló darí Àjàní Ògún lọ́dún 1976, òun ló bá Adé Love darí Ìjà Òmìnira. Ola Balogun. Abá, nílẹ̀ Ìgbò, ni wọ́n bí i sí. Ẹ máa jà lọ.

Ọmọ Mọ́kọ́lá (Chicago):
Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ Sátidé ńkọ́?

Ìyá Dámi (Houston):
Toronto, mi ò tíì rí owó oven mi.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Toronto):
Ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì yín ránṣẹ́ ma, dọ́là Kánádà ni mo máa fi san án.

Ìyá Dámi (Houston):
Mo mọ̀ pé o máa rẹ́ mi jẹ.