Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí lojú yín rí?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ni mò ń kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orí wọn pé, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń lu agogo fún wọn mọ́, iṣẹ́ wá ń gorí iṣẹ́. Ẹ sọ tiyín fún mi.

Àkàndé: Agogo méjìlá òru ló pa mí. Wọ́n kọ "Friday, 12:00 AM" síbi iṣẹ́. Mo fọkàn balẹ̀, mo ní òru Jímọ̀ mọ́jú Sátidé ni. Agogo mẹ́sàn-án alẹ́ Jímọ̀ ni mo fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́, kò gbà. Àṣé òru Ọjọ́bọ̀ mọ́jú Jímọ̀ ni wọ́n ń wí! Ó ti tì láti wákàtí 21 sẹ́yìn.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Háà! Ti tèmi tún jẹ́ aago UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé, kò sì bá tọ̀dọ̀ mi mu.

Bọ̀dá Láyí: Àkàndé, ta ló ní kó o dúró dalẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn?

Àkàndé: Ẹ̀yin lẹ ò fi nǹkan falẹ̀ rí láyé yín, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìyá Ìbejì: Yéè! Èmi gan-an ni mò ń kọ 12:00 AM yẹn. Ọmọ kan bẹ̀ mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní irọ́ ló ń pa.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Mà, ẹ lọ bẹ ọmọ ọlọ́mọ 😂 11:59 PM ni kẹ́ ẹ máa kọ.

Àṣàkẹ́: Fídíò ni tèmi. "Màá wò ó lọ́la," títí ó fi di mọ́kànlá. Mo wá fi eré ìlọ́po méjì wo gbogbo ẹ̀ lóru kan, olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ wuruwuru bí ẹni tí oyin ń lé. Kò sóhun tó wọlé. Ní báyìí, màá kàwé fún ìṣẹ́jú 25, màá sinmi fún 5, fóònù á wà ní yàrá kejì.

Bọ̀dá Láyí: 25 kéré. Kó o tó rántí ibi tó o bá a dé, ó ti tó.

Àṣàkẹ́: Ó ju òdo lọ, bọ̀dá.

Bọ̀dá Láyí: Kámẹ́rà tí wọ́n máa ń pa ńkọ́? Olùkọ́ á máa bá ojú kọ̀ǹpútà tó ṣú dúdú sọ̀rọ̀.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Yàrá kan lèmi àtàwọn àbúrò mi jọ ń lò. Ṣé kí gbogbo kíláàsì máa wo ìjà wọn ni?

Àkàndé: Èmi á wò ó o.

Ìyá Ìbejì: Mo ti ṣí i padà fún ọmọ yẹn. "Ẹ ṣé mà" nìkan ló kọ.