Ọyẹ́ ti dé, ibo la lè kó àwọn ọmọ lọ ní Èkìtì?

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará. Adó-Èkìtì là ń gbé. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní: ọ̀kan ọdún méje, ọ̀kan márùn-ún, àbíkẹ́yìn ò tíì pé mẹ́ta. Wọ́n ti gba ọlidé, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń wò láti àárọ̀ dalẹ́. Bí mo bá ní kí wọ́n jáde, eruku á bò wọ́n, ètè á bẹ́. Òrí tí mo fi pa ètè àbíkẹ́yìn, ńṣe ló ń lá a bí oyin.

Mo fẹ́ kó wọn lọ sí Ìkógòsì ní Sátidé, kí wọ́n fẹsẹ̀ kan ibi tí omi gbígbóná àti tútù ti pàdé. Ṣé òtútù ò ní mú wọn bí wọ́n bá jáde nínú omi? Omi Àrìnta tó ń já láti orí àpáta n'Ípólé-Ìlórò ńkọ́? Ṣé ọmọ kékeré lè rìn ín, àbí kí n múra àtipọ̀n? Ẹ̀yìn ń dùn mí o.

Lálẹ́ àná, a sun iṣu lórí èédú, mo ń pa àlọ́ ìjàpá, wọn ò rántí tẹlifíṣọ̀n rárá. Àmọ́ àlọ́ mi ò ju mẹ́rin lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀yin ń bá àwọn ọmọ yín ṣe?